Bàrà Olómi Nínú Ọgbà Ilé: Bí A Ṣe Lè Gbìn Ín Kí Ó Ṣe Ara Lóore

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn bá ń mú ganrínganrín, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú ńlá kan ní Nàìjíríà tí a kò ti ní rí àwọn tí ń fi ọmọlanke ta bàrà olómi, èso tútù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wọ́tàmẹ́lọ́nù, tí àwọn Haúsá sì ń pè ní kankana. Ó dùn, ó sì ń pa òùngbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á kò mọ irú omi tí wọ́n fi rin ín, kò mọ oògùn tí wọ́n fọ́n sí i lóko, kò sì mọ̀ bóyá ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé e mọ́. Ẹni tó bá gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni yóò mọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó ń ṣe fún ara

Nínú gírámù 100 bàrà olómi, nǹkan bí gírámù 92 ni ó jẹ́ omi. Ó ní fítámì C, ó sì ní lycopene, èròjà tó ń mú kí inú rẹ̀ pọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbà wá nímọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní gírámù 400 lójúmọ́. Bàrà olómi lè wà lára rẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, kí ẹni tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà jẹ ẹ́ níwọ̀nba, kí ó má sì fún omi rẹ̀ mu, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ máa ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, nítorí pòtáṣíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Kí a yọ hóró kúrò kí a tó fún ọmọdé, kí ó má baà há wọn lọ́fun.

Ilẹ̀ àti àkókò

Ẹbí kan náà ni bàrà olómi àti bàrà tí a ti ń rí ẹ̀gúsí. Nítorí náà, ẹni tó ti gbin ẹ̀gúsí rí kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ibi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ ni ó fẹ́, àti ilẹ̀ oníyanrìn díẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Bí ilẹ̀ bá máa ń gba omi dúró, kí a kọ ebè. Ní ìhà Gúúsù, ìparí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án dára, kí èso lè gbó nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ìhà Àríwá, a lè gbìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí omi bá wà. Ṣùgbọ́n níbi tí ọyẹ́ ti ń mú púpọ̀, bíi ìlú Jos, ó sàn kí a dúró kí òtútù lọ, nítorí hóró rẹ̀ kì í hù dáadáa nínú ilẹ̀ tútù.

Ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti màlúù tó ti jẹrà pátápátá ni kí a pò mọ́ ilẹ̀. Ìgbẹ́ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ó sì lè gbé kòkòrò àrùn dé ara èso.

Gbígbìn àti ìtọ́jú

Kí a gbẹ́ ihò tí ó jìn tó sẹ̀ntímítà 2 sí 3, kí a sì fi hóró 2 tàbí 3 sínú rẹ̀. Kí ihò kan jìnnà sí èkejì ní mítà 1, kí ìlà kan sì jìnnà sí èkejì ní mítà 2, nítorí ìtàkùn rẹ̀ máa ń nà lọ jìnnà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yóò hù. Kí a fi èyí tó lágbára jù lọ sílẹ̀, kí a sì gé ìyókù.

Kí a máa bomi rin ín nídìí, kì í ṣe lórí ewé, kí ewé má baà ní àrùn. Omi kànga tó mọ́ tàbí omi òjò ni kí a lò. Omi gọ́tà kò dára rárá, nítorí ó lè gbé ibà jẹ̀funjẹ̀fun, àrùn onígbáméjì àti aràn inú wọlé. Kí a tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ ìtàkùn kí èso má baà fara kan ilẹ̀.

Òdòdó akọ àti òdòdó abo ni bàrà olómi ń yọ. Èyí tí ó ní èso kékeré bíi ìlẹ̀kẹ̀ nídìí ni abo. Oyin ni ó ń gbé àtíkè òdòdó láti ara akọ dé ara abo. Bí oyin kò bá wọ́pọ̀, kí a já òdòdó akọ láàárọ̀, kí a yọ ewé rẹ̀, kí a sì fi àárín rẹ̀ pa àárín òdòdó abo. Láìṣe èyí, èso yóò rọ dànù.

Bí kòkòrò bá yọjú

Àwọn kan máa ń sáré gbé oògùn tí a fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn nínú ilé, wọn a sì fọ́n ọn sí èso. Ewu ńlá ni. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré nítorí ìpalára tí àṣìlò rẹ̀ ń fà. Dípò èyí, kí a gún ewé dóńgóyárò, kí a rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí a sẹ́ ẹ, kí a fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí a sì wọ́n ọn sí ewé nírọ̀lẹ́, nígbà tí oyin bá ti lọ. A sì lè fi bébà wé èso kékeré kí eṣinṣin má baà gún un. Bí ó bá di dandan kí a lo oògùn oko, kí a ka ohun tí a kọ sára rẹ̀, pàápàá iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó ká èso.

Kíká àti jíjẹ

Láàárín ọjọ́ 75 sí 90, èso yóò gbó. Ìtàkùn wẹ́wẹ́ tó lọ́ bí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò gbẹ, ibi tó fi kan ilẹ̀ yóò sì kúrò ní funfun di rẹ́súrẹ́sú bíi àwọ̀ bọ́tà. Kí a má ṣe kánjú, nítorí kì í dùn sí i mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti ká a.

Kí a fi omi tó mọ́ fọ èèpo rẹ̀ kí a tó gé e. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe èyí nítorí a kì í jẹ èèpo, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni ó ń gbé ìdọ̀tí èèpo wọ inú. Èyí tí a bá ti gé, tí ó sì ti wà níta ju wákàtí 2 lọ, kí a má jẹ ẹ́ mọ́. Bí ooru bá pọ̀ gidigidi, wákàtí 1 ti tó. Bí ó bá korò lẹ́nu, kí a dà á nù, nítorí èròjà tó mú un korò lè fa inú rírun àti èébì.

Oṣù 3 péré ni iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ kékeré ni ó sì ń fẹ́. Bí ilẹ̀, omi àti ọ̀bẹ bá ti mọ́, ọkàn olúkúlùkù yóò balẹ̀ lórí ohun tí ó ń gbé síwájú àwọn ọmọ rẹ̀.