Àgbáyun: Irúgbìn Tí Kì í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Ọ̀rọ̀ ewé ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí babaláwo tí kò ní ewé dà bí ọdẹ tí kò ní ọfà. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Brazil pàápàá kò gbàgbé èyí. Títí di òní ni wọ́n ń wí pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti àgbáyun. Igi kékeré abẹ́ igbó ni, ibòòji àwọn igi gíga ló ń gbé. Èso rẹ̀ pupa, kò ju orí ìka lọ, kóró kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Adùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lá a yí ẹnu ká, tí ó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, kíkan a di dídùn, bóyá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bóyá fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọsàn náà kò yí padà o, ahọ́n ẹni ló gba nǹkan mìíràn. Nítorí náà, kí ẹni tí inú ń ta rántí pé kíkan náà ṣì ń lọ sínú rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò ní fẹ́ fi irú èso bẹ́ẹ̀ wúre, kí ohun kíkan ayé lè dùn mọ́ wa lẹ́nu?

Ó ti pẹ́ tí àwọn àlejò ti rí i. Ní ọdún 1725 ni ará Faransé kan, des Marchais, rí bí àwọn ará etíkun ilẹ̀ wa níhìn-ín ṣe ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ kíkan. Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà jáde, wọ́n sì pè é ní miraculin. Lónìí, ní Florida ní Amẹ́ríkà, inú ìkòkò ni wọ́n ti ń gbìn ín tà. Àwa tí a ni ín ńkọ́? Igbó tí a ti ń já a ni a ń ṣán, tí a sì ń fi oògùn apakoríko fọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ awo ló mọ orúkọ rẹ̀ tí kò mọ igi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé kóró àgbáyun kò ṣe é tọ́jú bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Bí ẹ bá sá a sóòrùn, ó ti kú nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jẹ èso náà ni kí ẹ ti fọ kóró rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì gbìn ín. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ fi ewé tútù wé èso náà lódindi, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ.

Ilẹ̀dú abẹ́ igi, tó kún fún ewé jíjẹrà, ni kí ẹ bù sínú ọ̀rá dúdú. Ẹ dá ihò sísàlẹ̀ ọ̀rá náà kí omi lè máa jáde. Ẹ tẹ́ kóró náà sílẹ̀ ní ìbú, kí iyẹ̀pẹ̀ tó bo orí rẹ̀ má ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ má da eérú sí i o! Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gbìn ín sí ibi tí àwọn bíríkìlà da sìmẹ́ńtì sí. Eérú àti sìmẹ́ńtì máa ń pa kíkan ilẹ̀, ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni àgbáyun sì fẹ́. Ẹ ò rí nǹkan: igi tó ń sọ kíkan di dídùn, inú ilẹ̀ kíkan ló ti ń jẹun.

Abẹ́ igi obì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún un. Omi òjò ló yẹ ẹ́ jù. Kí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kí omi má dúró sí i. Ó lè tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hù, ẹ má wú u wò. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn ín, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè rinlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ìdàgbà rẹ̀ kò yá: bí ọdún 3 sí 4 ni ẹ óò dúró kí ẹ tó rí èso. Bí ó bá so, ẹ má já a tán. Ẹ kí Ọ̀sanyìn, ẹ mú ìwọ̀nba, ẹ fi ti ẹyẹ sílẹ̀.

Ní ọdún 2005 ni UNESCO kéde Ifá fún gbogbo ayé. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kì í hù lẹ́yìnkùlé. Kí ilé awo kọ̀ọ̀kan ní Ifẹ̀ ní ibòòji kan tí àgbáyun wà. Ẹni tí tirẹ̀ bá so, kí ó pe aládùúgbò rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà gan-an, kí kóró tútù lè tọwọ́ dé ọwọ́.

Ohun tó bá kan lẹ́nu wa, Elédùmarè yóò sọ ọ́ di dídùn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.