Láàárín Àyẹ̀wò àti Èsì

Àníyàn ẹni tó ń dúró de àyẹ̀wò jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ti ẹni tí dókítà ti sọ fún pé àìsàn náà wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń dúró kò tíì mọ ohun tó ń bá jà. Obìnrin kan lè máa wẹ̀ lówùúrọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ kan kókó nínú ọmú. Láti ọjọ́ náà, yóò dúró de ọjọ́ tí dókítà yóò rí i, yóò dúró de skáànù tàbí mamógírámù, yóò sì tún dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà. Ìdúró tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń le jù, nítorí pé kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe mọ́.

Àìmọ̀ gan-an ló ń dá ènìyàn lágara. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní University College London gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé Nature Communications. Wọ́n ní kí ènìyàn 45 máa sọ bóyá ejò wà lábẹ́ òkúta inú kọ̀ǹpútà tàbí kò sí. Bí ejò bá wà níbẹ̀, iná mànàmáná yóò ta wọ́n lọ́wọ́. Òógùn ara wọn àti bí ẹyinjú wọn ṣe ń fẹ̀ fi hàn pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dúró lágbedeméjì ni ìpáyà wọn pọ̀ jù. Kódà, ó ju ti ìgbà tó dá wọn lójú pé iná yóò ta wọ́n. Ẹni tó bá ń sọ pé, “Ẹ sáà sọ ọ́ fún mi, ì báà burú,” kò ya ojo rárá.

Nígbà tí ọkàn bá ń fòyà, ara a máa tú àwọn èròjà ìpáyà, adirẹnalíìnì àti kọ́tísọ́ọ̀lù, sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa já, inú á máa ru, oorun á dá lójú, oúnjẹ kò ní wọ ọ̀fun. Ẹni tó sì ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ yóò tún wá ìtumọ̀ sí gbogbo rẹ̀: ẹ̀yìn tó ń dùn ún nítorí pé kò sùn, yóò ní àìsàn ti dé eegun. Ìrora tí kò lọ yẹ ní sísọ fún dókítà, ṣùgbọ́n ara ríro lásìkò yìí kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan kan ti tàn kálẹ̀.

Púpọ̀ nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tó wọ́pọ̀ ni kókó kan tó máa ń yọ̀ lábẹ́ ìka, tí kì í pa ènìyàn. Àpò omi lásán ni òmíràn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n bá mú jáde yóò kọ́kọ́ wà nínú fọ́máàlínì kó má bàa jẹrà. Wọn yóò rì í sínú ìda, wọn yóò gé e tín-ín-rín ju bébà lọ, wọn yóò tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọn yóò sì pa á láró, kí dókítà patólọ́jì tó fi maikirosíkóòpù wò ó. Iṣẹ́ ìkánjú kọ́. Ní Nàìjíríà, àwọn nǹkan mìíràn tún ń fà á gùn: dókítà patólọ́jì kò pọ̀, ilé ìwòsàn kéékèèké ń fi ẹran náà ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, owó sì sábà máa ń ṣáájú iṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì náà wà níbẹ̀. Èyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà NARD bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì Oṣù Kẹjọ 2021 kò parí títí Oṣù Kẹwàá fi wọlé. Aláìsàn á máa sọ lọ́kàn pé, “Bó bá jẹ́ ire ni, wọn ì bá ti pè mí.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran tó mọ́ àti èyí tó lárùn, orí ìlà kan náà ni wọ́n ń tò sí.

Ní England, àjọ ìlera NHS ní gbèdéke tirẹ̀. Láti Oṣù Kẹwàá 2023, ìlànà ọjọ́ 28 ti rọ́pò ti ọ̀sẹ̀ méjì: bí dókítà àdúgbò bá ti kọ̀wé kánjúkánjú, kí ọjọ́ 28 tó pé, ó yẹ kí ẹni náà ti gbọ́ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí òun kọ́. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń kùnà, ṣùgbọ́n gbèdéke tí ènìyàn mọ̀ dára ju àìní gbèdéke lọ. Ọmọ Yorùbá ní Peckham, ní London, tó bá rí orúkọ àìsàn náà nínú lẹ́tà ilé ìwòsàn lè rò pé dókítà ti mọ̀, ó kàn ń fi pamọ́ ni. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ó ju mẹ́sàn-án lọ tí wọn kì í bá jẹjẹrẹ lára wọn. A kò lè gbé ìṣirò yẹn wá sílé ní Nàìjíríà bó ṣe wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé ló ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Kate Sweeny, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní University of California ní Riverside, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ ìdúró. Ó tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde nínú ìmọ̀ òfin tí wọ́n ń fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin retí èsì ìdánwò agbẹjọ́rò. Púpọ̀ nínú ọgbọ́n tí wọ́n dá láti fi pa àníyàn lẹ́nu mọ́ kò ṣiṣẹ́. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn tí ara wọn kò lélẹ̀ rárá nígbà ìdúró ló mọ bí a ṣe ń gba ìròyìn búburú nígbà tó dé, àwọn náà ló sì yọ̀ jù nígbà tí èsì dára. Nítorí náà, ìbáwí “Ìgbàgbọ́ rẹ dà?” tí ará ilé máa ń nà síni kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nínú ìwádìí rẹ̀ ni iṣẹ́ tó gba ọkàn pátápátá, tó le díẹ̀, tí ẹni tó ń ṣe é sì ń rí i pé òun ń tẹ̀síwájú. Tẹlifíṣọ̀n kò tó bẹ́ẹ̀. Ojú lè wà lára rẹ̀ kí ọkàn wà ní láàbù. Irun dídì, aṣọ rírán, orin tuntun tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ́, ayò títa pẹ̀lú ọ̀tayò gidi, ìwọ̀nyí kì í fi àyè sílẹ̀. Ní òru, tí iṣẹ́ ti parí, mímí sínú díẹ̀díẹ̀ kí a sì mí síta pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa mú kí àyà rọlẹ̀. Obì àti kọfí kò yẹ lálẹ́: kaféìnì inú wọn ń mú àyà lù kìkì, ẹni tó ti ń páyà yóò sì rò pé àìsàn ló dé.

WhatsApp ni ọ̀tá tó sún mọ́ni jù. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ènìyàn ogún yóò gba ogún ewé àti ogún ìtàn ẹni tó kú. Ènìyàn méjì tó mọ ẹnu pa mọ́ tó, tí ọ̀kan nínú wọn lè sọ pé, “Màmá, ọjọ́ wo lẹ ń lọ gba èsì? Màá bá yín lọ.” Àdúrà ń tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, kò sì sí dókítà tó ní kí wọ́n má gbà á. Ibi tó ti ń di ewu ni ìgbà tí orí òkè tàbí àgbo bá gba ipò ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù ṣe ń pani lára jù: kì í fa jẹjẹrẹ, ó ń mú kí ènìyàn sá fún èsì. Ẹgbẹ́ BRECAN, tí Betty Anyanwu-Akeredolu dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú, wà lára ibi tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ti lè bá ẹni tó ti la ọ̀nà náà kọjá sọ̀rọ̀.

Bí ẹnì kan kò bá lè sùn tàbí jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, tàbí tí ó ń ro ikú, kí ó sọ fún dókítà kí èsì tó dé. Àníyàn ní ìtọ́jú tirẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé orí dàrú.

Kí ènìyàn tó kúrò ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí ó béèrè ọjọ́ tí èsì yóò jáde, ẹni tí òun yóò pè, àti nọ́ńbà rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí kò gbọ́ nǹkan kan, kí ó má ṣe jókòó sílé máa túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ wọn. Kí ó pè wọ́n, bí wọn kò bá sì gbé e, kí ó lọ síbẹ̀.