Ìparun Ààfin Ọ̀yọ́-Ilé

A máa ń gbọ́ pé ogun Fúlàní ni ó pa ààfin Ọ̀yọ́-Ilé run. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Nítorí bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Láti ọdún 1754 ni Gáà, Baṣọ̀run, ti gba agbára mọ́ àwọn ọba lọ́wọ́. Ọba tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ikú ni ti olúwarẹ̀. Àwọn ọmọ Gáà ni ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ àwọn ìlú. Ní ọdún 1774, Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun rẹ̀, ààfin sì sinmi títí ọba náà fi wàjà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìjòyè àti ọmọ-ogun kọ Aólẹ̀, tí wọ́n sì béèrè ikú rẹ̀. Afọ̀njá ti Ìlọrin kò sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ó ké sí àwọn Fúlàní láti ràn án lọ́wọ́, ọwọ́ wọn náà ni ó sì kú sí.

Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, ọba ṣì wà nínú ààfin, òpó àti ilẹ̀kùn tí a gbẹ́ ọnà sí lára sì pọ̀ ní ìlú náà. Ní ìwọ̀n ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, Aláàfin Olúewu ṣubú lójú ogun, ìlú tú, ààfin sì di igbó. Àtìbà ni ó tún ààfin kọ́ ní Àgọ́, èyí tí í ṣe Ọ̀yọ́ lónìí.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwa olùkọ́ sọ ìtàn yìí ní kíkún fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n má baà di gbogbo ẹ̀bi ru àlejò.