Ṣé o mọ̀? Òórùn aáyù kì í ṣe ti ẹnu nìkan

• Bí o tilẹ̀ fi pákò fọ eyín títí tó fi funfun báláú, òórùn aáyù tí o jẹ ṣì lè máa jáde. Ìdí ni pé èròjà rẹ̀ kan, tó ní imí-ọjọ́ nínú, máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, á sì máa bá èémí jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

• Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, rí i pé mílíìkì máa ń dín òórùn yìí kù. Èyí tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù, ó sì sàn kí a mu ún pẹ̀lú oúnjẹ ju kí a mu ún lẹ́yìn oúnjẹ lọ.

• Èso ápù tútù, ewé létúùsì àti ewé míǹtì náà máa ń pa òórùn aáyù.

• Aáyù tó jinná dáadáa kì í rùn tó èyí tí a jẹ ní tútù.

• Má gbàgbé ahọ́n. Bí o bá ń fọ eyín, ha ahọ́n rẹ pẹ̀lú, torí ìdọ̀tí máa ń fara pamọ́ síbẹ̀.

Bí ẹnu bá ń rùn lójoojúmọ́ láìjẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà, ó lè jẹ́ àìsàn èrìgì tàbí eyín tó ti jẹrà. Má tijú, tètè lọ rí dókítà eyín.