Àpótí Pásíwọ́ọ̀dù: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Wà?

Bí àkókò fọ́ọ̀mù JAMB bá ti dé, àwọn oníkáfẹ́ ìlú Òmù-Àrán kì í ráyè jẹun ọ̀sán. Ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò á kọ́kọ́ fi NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 kó lè gba kóòdù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ á kan ímeèlì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì ní, nítorí náà oníkáfẹ́ ló ń bá wọn ṣí i, òun náà ló ń yan pásíwọ́ọ̀dù, tí á sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà tí ọmọ mú dání àti sínú ìwé tirẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù náà kì í sábà ju orúkọ ọmọ àti ọdún tí wọ́n bí i lọ. Nígbà tó bá yá, ọmọ wọ yunifásítì, bóyá Landmark tó ti wà nílùú náà láti 2011, bóyá Ìlọrin. Ímeèlì káfẹ́ yẹn náà ló fi ṣí àkáǹtì báńkì, òun ló fi ṣí Facebook, òun náà ló fún ilé-ìwé.

Ẹni tó bá mọ pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì èèyàn kò nílò ìyókù mọ́. Á lọ sórí ìkànnì tó bá wù ú, á ní òun ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n á sì fi ọ̀nà tí yóò fi yan tuntun ránṣẹ́ sínú ímeèlì tó ti wà níkàáwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé oníkáfẹ́ jẹ́ olè o. Ìwé tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí ló wà lórí tábìlì gbayawu, ẹni tó kàn wá ṣe fọ́tòkópì lè yọjú kà á.

Àwọn mìíràn rò pé nọ́ńbà tó jẹ́ tàwọn nìkan, bíi NIN tàbí ọjọ́ ìbí, ló dáa jù láti fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tú u síta pé ìkànnì kan tó ń jẹ́ AnyVerify ń ta NIN àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ní kò sẹ́ni tó já wọ inú àkójọ àwọn. Ohun tí ₦100 lè rà, ta ni yóò fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé? Bákan náà ni ọmọ Èsìẹ́ tó bá fi Esie1945 ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Ọdún tí wọ́n ṣí mùsíọ́mù ère òkúta ìlú náà nìyẹn, òun ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, gbogbo ọmọ ilé-ìwé tó bá ti lọ síbẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ràn àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò ṣòro láti sọ: kí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó gùn, kó má jọ ìkejì. Títẹ̀lé e ló ṣòro, nítorí kò sí orí tó lè gba ogójì irú rẹ̀. Iṣẹ́ tí áàpù tó ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù ń ṣe nìyẹn. Ó ń bá èèyàn hun pásíwọ́ọ̀dù, ó ń kó gbogbo wọn sínú àpótí kan, ó ń yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà sí àmì rúdurùdu tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, ó sì fi pásíwọ́ọ̀dù ńlá kan ṣoṣo tì í pa. Ẹyọ kan yẹn nìkan ni oníǹkan yóò há sórí. Ó tún ní àǹfààní kan tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà: ojúlówó àdírẹ́sì ìkànnì ló fi ń dá ìkànnì mọ̀. Bí ọmọ Yahoo bá ṣe ayédèrú ìkànnì báńkì, tó kùn ún lọ́dà kan náà, tó fi àmì kan náà sí i, ojú èèyàn lè gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n áàpù kò ní kọ nǹkan kan sí i. Bí áàpù bá kọ̀ láti kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí èèyàn dúró wo àdírẹ́sì òkè yẹn dáadáa kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: bí olè bá wá gbé àpótí náà ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, olè wọ inú ilé-iṣẹ́ LastPass, tó ń ṣe irú áàpù yìí, lórí ẹ̀rọ, ó jí lára ìwé iṣẹ́ wọn lọ. Kò tán síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ló mú kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà pamọ́ sí. Olè náà dọdẹ ọ̀kan nínú wọn délé. Áàpù Plex, tí wọ́n fi ń wo fíìmù, wà lórí kọ̀ǹpútà ilé òṣìṣẹ́ náà, ó ní ihò tí àwọn tó ṣe é ti dí láti 2020, ṣùgbọ́n onítọ̀hún kò gba èyí tuntun sórí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni olè gbà wọlé, ó fi ohun tó ń ka gbogbo lẹ́tà tí ọwọ́ bá tẹ̀ síbẹ̀, ó sì dúró títí òṣìṣẹ́ náà fi tẹ pásíwọ́ọ̀dù ńlá rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Disẹ́ńbà, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé wọ́n ti kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ.

Ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ gbọ́. Àpótí wà lọ́wọ́ olè, àmọ́ pásíwọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ṣì wà ní títì. Ẹni tí pásíwọ́ọ̀dù ńlá rẹ̀ gùn, tí kò sì ṣeé méfò, ṣì wà ní àlàáfíà. Ẹni tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tì í wà nínú ewu, nítorí olè lè gbé àpótí kalẹ̀ sílé ara rẹ̀, kó máa dán kọ́kọ́rọ́ wò tọ̀sán tòru láìsí ẹni tó ń lé e. Àwọn oníbàárà àtijọ́ tún wà tí ilé-iṣẹ́ náà kò fún ní ààbò tó nípọn bíi ti àwọn tuntun: nígbà náà, áàpù ń lọ pásíwọ́ọ̀dù àwọn tuntun ní ìgbà 100,100 kó tó di kọ́kọ́rọ́, tàwọn mìíràn kò ju 5,000 lọ. Àdírẹ́sì àwọn ìkànnì tí kálukú ń lò kò sì sí ní títì rárá, olè kàn ń kà á ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ilé ẹjọ́ pé ó jọ pé inú irú àpótí tí wọ́n jí lọ́dún 2022 ni àwọn kan ti rí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi kó owó kírípítò tó tó 150 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Nítorí náà, bíbéèrè bóyá olè ti ja ilé-iṣẹ́ kan rí kò tó. Ìbéèrè tó mú dáadáa ni pé: ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn gan-an lè ṣí àpótí mi? Ó rọrùn láti mọ̀. Kí èèyàn wo ohun tí wọ́n sọ nípa ẹni tó bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ńlá rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn á fi ímeèlì ránṣẹ́ kó yan òmíràn, tí gbogbo ẹrù inú àpótí á sì wà níbẹ̀ pé, a jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní "ẹ má bínú, a ò lè ràn yín lọ́wọ́", ìdáhùn tó ń bíni nínú nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ òun ni ìdáhùn olóòótọ́.

Áàpù Bitwarden, tó jáde lọ́dún 2016, ń fún oníbàárà ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹnì kan, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀, ìwé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sì wà níta tí onímọ̀ èyíkéyìí lè yẹ̀ ẹ́ wò. 1Password ti Kánádà dára, owó dọ́là ni wọ́n ń gbà. KeePassXC àti KeePassDX kì í gbé àpótí lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, orí ẹ̀rọ oníǹkan ló ń wà. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá jábọ́ sínú kànga láìsí ẹ̀dà níbòmíràn, ó parí nìyẹn. Èyí tó wà lórí fóònù Tecno tàbí Infinix tẹ́lẹ̀, ìyẹn ti Google, ńkọ́? Google lè bá èèyàn gba tirẹ̀ padà, nítorí náà kò yege ìdánwò òkè yìí bí wọ́n ṣe gbé e wá. Síbẹ̀, fún ọmọ tí oníkáfẹ́ yan pásíwọ́ọ̀dù fún, ìtẹ̀síwájú ńlá ni, a ò sì gbọ́dọ̀ torí pé a ń wá èyí tó pé pátápátá ká fi í sílẹ̀ sínú ìwé orí tábìlì.

Orúkọ ńlá nìkan kò tó. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ fi hàn pé áàpù Kaspersky ti fìgbà kan rí ń fi aago hun pásíwọ́ọ̀dù: gbogbo ẹni tó bá ní kó hun ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ohun kan náà ló ń fún wọn. Wọ́n ti tún un ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ayédèrú kan tó pe ara rẹ̀ ní LassPass wọ inú ọjà áàpù Apple pàápàá, kí wọ́n tó yọ ọ́. Lẹ́tà kan péré ni ìyàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba áàpù sórí fóònù, kó gba ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wọ ọjà áàpù, kó má tẹ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kó tún wò ó bóyá áàpù náà gbà kí èèyàn kó ẹrù rẹ̀ jáde, nítorí ilé-iṣẹ́ lè yí òfin rẹ̀ padà nígbàkigbà. LastPass jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ títí di oṣù kẹta ọdún 2021, tí wọ́n ní kí aláìsanwó mú ọ̀kan.

Pásíwọ́ọ̀dù ńlá ńkọ́? Oríkì ìdílé kò dára fún un, gbogbo ìyàwó ilé ló mọ̀ ọ́n kì. Ẹsẹ Bíbélì tàbí Kùránì náà kò dára. Kí èèyàn ṣí ìwé atúmọ̀-èdè láì wojú ewé, kó fìka lé ọ̀rọ̀ kan, kó ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára wọn tan, bíi sítóòfù, àkèré, ìjọba, gúgúrú, òrùlé. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo èyí tí a tẹ̀ síbí.) Bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń mú nínú rẹ̀ bá tó 7,776, ọ̀nà tí márùn-ún lè gbà tò lé 28 bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù kan. Kò sì sí ìdí láti máa yí i padà lóṣooṣù. Nọ́ńbà àṣírí káàdì ATM àti ti USSD ní tiwọn, inú orí ni kí wọ́n wà.

Ẹ má tẹ pásíwọ́ọ̀dù ńlá yìí lórí kọ̀ǹpútà káfẹ́ láé, nítorí ohun tó ṣe òṣìṣẹ́ LastPass yẹn lè wà níbẹ̀ náà. Ẹ ti fóònù pa pẹ̀lú nọ́ńbà tí àwọn ọmọ ilé kò mọ̀. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù ńlá sórí bébà, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ kó o mọ́ ìwé ilẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tó wà fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán. Ẹ má yà á ní fọ́tò. Tí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, kí ẹ tó kan báńkì.