Láti Èèpo Ẹ̀gẹ́ dé Ẹ́ńsáìmù: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta tí Ó Yẹ Kí A Gbé Yẹ̀ Wò

Ní ìlú Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sí ẹni tí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe àjèjì sí. Ibikíbi tí a bá ti ń ṣe gàrí ni a ti ń rí i. Bí òjò bá rọ̀ sí i, yóò máa rùn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, yóò bu, yóò sì rà. A lè sá díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ewúrẹ́, ṣùgbọ́n a ó dáná sun ìyókù tàbí kí a pa á tì. Inú irú òkìtì yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń pèsè ẹ́ńsáìmù.

Ní ọjọ́ kan, mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ yìí ní èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Mo ní àwọn kòkòrò kan wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tí a ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ẹ bá rí wọn, oògùn wo ni ẹ ó fi pa wọ́n?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ó wà lọ́kàn gbogbo wọn nìyẹn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ náà, tèmi ni. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ni ó ṣì wọ́n lọ́nà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni èyí tí àwọn ògbufọ̀ kan ń pè ní pàǹtí oko. Ohun tí à ń gbá lọ sí ààtàn ni pàǹtí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò tún ní retí àǹfààní kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni sítáàṣì ṣì wà lára èèpo ẹ̀gẹ́ àti nínú èèrí ògì. Sẹ́lúlóòsì, èyí tí ó mú igi àti èèpo le, pọ̀ nínú kùùkù àgbàdo àti èèpo kòkó. Àwọn tí ń fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú kò kà á sí pàǹtí. Nítorí náà, àṣẹ́kù oko ni mo fara mọ́: ohun tí ó ṣẹ́ kù ṣì lè wúlò.

Ọ̀rọ̀ kejì ni kòkòrò àìfojúrí. Àwọn kan ti dábàá ẹ̀dá àìfojúrí dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n iwin àti ànjọ̀nú ni ìyẹn yóò mú wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kòkòrò àìfojúrí ti rinlẹ̀, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ nù. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a fi kòkòrò àrùn pe kìkì àwọn tí ń fa àìsàn, kí kòkòrò àìfojúrí sì jẹ́ orúkọ gbogbo wọn, ire àti ibi. Kí olùkọ́ sì fi irú bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1981, S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ igbá di irú. Ẹ̀yà Bacillus ni ó gbapò iwájú nínú wọn. Àwọn ni ń tú purotéènì inú igbá. Ẹni tí ó ti jẹ ọbẹ̀ tí a fi irú sè ti jẹ oore wọn.

Báwo ni a ṣe ń rí wọn? Ibi tí oúnjẹ wà ni olóúnjẹ ń wá: bí ó bá jẹ́ sítáàṣì ni oúnjẹ tí ó pọ̀ jù ní ibì kan, àwọn tí ó lè tú sítáàṣì ni yóò gbilẹ̀ níbẹ̀. Onímọ̀ yóò bu ilẹ̀ abẹ́ òkìtì náà, yóò pò ó mọ́ omi tí kò ní kòkòrò, yóò sì là á léraléra. Yóò wá ta díẹ̀ sí ojú àwo tí a fi ágà àti sítáàṣì tẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kòkòrò kọ̀ọ̀kan yóò ti bí sí i di agboolé tí ojú lè rí. Bí a bá da áyódíìnì sí i, gbogbo ibi tí sítáàṣì wà yóò di aláwọ̀ aró. Ṣùgbọ́n òrùka mímọ́ yóò yí àwọn agboolé kan ká. Níbẹ̀, sítáàṣì ti tán.

Òrùka yìí ni ó gbé wa dé ọ̀rọ̀ kẹta. Kòkòrò náà kò rìn dé etí òrùka. Ohun kan tí ó tú jáde ni ó dé ibẹ̀. Ohun náà ni ẹ́ńsáìmù. Ní àwọn ọdún 1870, Wilhelm Kühne ti Jámánì fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ lórúkọ: ohun tí ó wà nínú ìwúkàrà. Ṣé kí a wá pè é ní ìwúkàrà? Rárá. Ní 1897, Eduard Buchner lọ ìwúkàrà mọ́ yanrìn, ó fún oje rẹ̀. Oje tí kò ní ìwúkàrà alààyè mọ́ yìí ṣì ń sọ ṣúgà di ọtí. Ẹ̀bùn Nobel ni ó gbà ní 1907. Ìwúkàrà lẹ́mìí, ẹ́ńsáìmù kò lẹ́mìí.

Bí a bá lo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, a lè ṣẹ̀dá amúṣẹ́yá, èyí tí ń mú iṣẹ́ yá tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán. Ṣùgbọ́n àwọn irin kan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé-iṣẹ́. Gbogbo ẹ́ńsáìmù ni amúṣẹ́yá. Kì í ṣe gbogbo amúṣẹ́yá ni ẹ́ńsáìmù. Àbá mi ni pé kí a yá ẹ́ńsáìmù wọlé fún odindi ìdílé náà, kí a sì fi Yorùbá sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ nípa ohun tí ó ń tú: atú-sítáàṣì, atú-sẹ́lúlóòsì, atú-purotéènì, atú-ọ̀rá. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé àgbàdo tí a mú hù fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń dùn yóò tètè mọ̀ pé atú-sítáàṣì ni ó sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré. Ní 1894, Takamine Jokichi, ọmọ Japan tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ẹ́ńsáìmù tí ó rí láti ara Aspergillus oryzae tí ó gbìn sórí èèrí àlìkámà. Oògùn tí ń mú oúnjẹ dà ni ó fi ṣe. Èèrí ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Àwa náà ní èèrí. Nàìjíríà ni ó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé, èèpo rẹ̀ kò sì lè wọ́n wa.

Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001 ń jẹ́ orúkọ T. J. Bowen, ẹni tí ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858. Ó bójú mu, nígbà náà, pé kí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ èdè pàdé ní ìlú yìí. Bí obìnrin tí ń yan gàrí kò bá lè gbọ́ ohun tí a rí nínú èèpo rẹ̀ ní èdè tirẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò jèrè rẹ̀. Mo fi àbá wọ̀nyí síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀. Ẹ dán wọn wò níwájú akẹ́kọ̀ọ́ yín. Èyí tí kò bá dúró, ẹ bá wa tún un ṣe.