Ẹ Má Tíì Ta Dátsùn Bàbá fún Onírin: Bí Wọ́n Ṣe Ń Jí Ọkọ̀ Japan Àtijọ́ Dìde

Bí èèyàn bá wọ àwọn agbolé àtijọ́ ní Abẹ́òkúta, ìbáà ṣe ní Aké, ní Ìkìjà, ní Ìbarà tàbí ní Òwu, kì í pẹ́ tí yóò fi rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí wọ́n pa tì sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rì wọlẹ̀, koríko ti ń yọ lójú fèrèsé rẹ̀, adìẹ sì ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ibi tí wọ́n ń yé sí. Bí a bá béèrè pé ta ló ni ín, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀: "Ọkọ̀ Bàbá ni." Bàbá ti re ibi àgbà ń rè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Níjọ́ tí ẹni tó ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àjákù bá kan ilẹ̀kùn, orí ìwọ̀n ni wọn yóò gbé e sí, wọn yóò gé e sí wẹ́wẹ́, ọkọ̀ tó gbé ìyàwó àti ọmọ lọ sóde fún ogún ọdún yóò sì di irin yíyọ́ kí oṣù tó yí po.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn ta ohun tí kò lò mọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé káàkiri àgbáyé, àwọn èèyàn kan wà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tó wá láti ilẹ̀ Japan, jẹ́ ìṣúra lójú wọn. Wọn kò fi í ṣòwò. Fàájì ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n ń wá a rí, wọ́n ń tún un ṣe títí yóò fi rí bí ó ti rí lọ́jọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́, wọ́n sì ń kó ara wọn jọ láti wà á. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan ará Ẹ̀gbá ni a fẹ́ wò, nítorí pé ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá wá kiri lókè òkun, díẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa.

Àwọn ọkọ̀ tí à ń sọ

Ọdún 1967 ni àwọn ará Japan fi han ayé pé àwọn náà lè ṣe ọkọ̀ asáré tó lẹ́wà. Ọdún náà ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta 2000GT, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tó rẹlẹ̀, tí òun àti ilé-iṣẹ́ Yamaha jọ ṣe. Ọdún náà ni Mazda gbé Cosmo Sport jáde, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítìnnì tó ń lọ sókè sódò, bí kò ṣe irin onígun mẹ́ta tó ń yí nínú ilé rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, Nissan fi Fairlady Z hàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Datsun 240Z lókè òkun. Toyota tẹ̀ lé e pẹ̀lú Celica ní 1970.

Gbogbo 2000GT tí wọ́n ṣe kò ju 351 lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan sí gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, owó tí wọ́n rà á lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní ti 240Z, ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè rà ni, kò sì sí ẹni tó rò pé yóò di ohun àpamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Nissan fúnra rẹ̀ ti ń ra èyí tó ti gbó padà ní Amẹ́ríkà, ó ń tún wọn ṣe, ó sì ń tà wọ́n lákọ̀tun. Ní ọdún 2020, Toyota náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀yà ara fún 2000GT àti fún Supra àtijọ́, kí àwọn tó ní wọn má baà pa wọ́n tì.

Ọmọ ìyá 240Z tó bá wa gbé

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi wíwakọ̀ lápá òsì sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Kò pẹ́ sí i ni owó epo rọ̀bì gòkè, tí ìjọba sì san àfikún owó oṣù Údojì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1974 sí 1975. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé tí kò lérò rí pé òun lè ní ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, tí Abẹ́òkúta di olú-ìlú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó wọ ìlú, ọkọ̀ wọn sì bá wọn wọ̀ ọ́. Pijó tí wọ́n ń tò ní Kàdúná àti Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Èkó pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Dátsùn 120Y, 160J àti 180B, pẹ̀lú Toyota Corolla àti Celica díẹ̀, náà wà lójú pópó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó wa Dátsùn 160J kò mọ̀ ni pé ọmọ ìyá kan ni òun àti 240Z. Sílíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì 160J ní, orúkọ rẹ̀ sì ni L16. Mẹ́fà ni ti 240Z, èyí tí wọ́n ń pè ní L24. Fífẹ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 83 nínú méjèèjì, ìrìn písítìnnì nínú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 73.7. Mẹkáníìkì tó bá lè tú ti àkọ́kọ́ palẹ̀, tó sì lè tò ó padà, kò ní ṣìnà nínú èkejì.

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò sì rẹ̀yìn lórí pápá. Nínú eré ìje Safari, tó ń gba inú ẹrẹ̀ àti eruku Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kọjá, 240Z ló gbégbá orókè ní 1971 àti 1973. Láti 1979 dé 1982, ọdún mẹ́rin gbáko, Shekhar Mehta, ará Kenya, fi Dátsùn 160J àti ìbátan rẹ̀ Violet GT gba ipò kìíní. Ní tòsí wa níhìn-ín, ní Côte d'Ivoire, Violet GT borí ní 1981, Celica sì borí ní 1983, 1985 àti 1986. Ojú ọ̀nà amọ̀ pupa bíi tiwa ni wọ́n ti gba oyè náà.

Èyí tó bá lọ kò ní padà

Ẹlòmíràn lè sọ pé bí ti ẹ̀yìnkùlé bá lọ, a ó ra òmíràn láti òkè òkun. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, òfin kọ́sítọ́ọ̀mù wa ka ọkọ̀ àlòkù tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ju ọdún 12 lọ mọ́ ohun èèwọ̀. Ọdún 15 ni tẹ́lẹ̀. Kò sí bí ọkọ̀ ọdún 1978 yóò ṣe gba ibẹ̀ kọjá. Èkejì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀, nítorí náà kò sí ti pé a ó gbé e gba Ìdírókò. Ẹ̀kẹta, apá ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ tí wọ́n ń lò ní Japan wà, a kò sì fàyè gba irú rẹ̀ lójú pópó wa.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Dátsùn tàbí Celica tó ti wà nílẹ̀ yìí láti bí àádọ́ta ọdún, tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì, tí ìwé rẹ̀ sì jẹ́ ti Nàìjíríà, ni a ní. Bí a bá gé ọ̀kan, ó dín ọ̀kan nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń jí i dìde

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, ìdí ẹbí la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ogún ni ọkọ̀ olóògbé. Ó yẹ kí àwọn ọmọ fẹnu kò, kí wọ́n wá ìwé ọkọ̀ jáde, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà tó wà lára irin ọkọ̀ àti lára ẹ́ńjìnnì wé èyí tó wà nínú ìwé. Ẹni tó bá náwó tán kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó béèrè ìpín tirẹ̀, ẹjọ́ ló fowó rà.

Lẹ́yìn èyí ni ká wo bí irin ọkọ̀ ṣe dógùn-ún tó. Irin fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ Japan ìgbà náà, òjò wa kì í sì í fojú fo irin. Abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí bátìrì ń jókòó sí àti etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wà ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí a má ṣe gba ọ̀dà gbọ́. Kí a mú òòfà kékeré, kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, kí a sì máa fi kan ara ọkọ̀ káàkiri: ibi tó bá ti di mọ́ ọn, irin ló wà níbẹ̀, ibi tó bá ti ń já bọ́, pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò níbẹ̀. Ibi tó bá ti jẹ tán, gígé ni kí wọ́n gé e, kí wẹ́dà fi irin tuntun rọ́pò rẹ̀. Páńẹ́lì-bítà tó bá ní òun yóò fi pọ́tì bò ó, ọdún kan péré ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi dára.

Ẹ́ńjìnnì tó ti dákẹ́ fún ogún ọdún, a kì í fi bátìrì jí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àṣìṣe yìí ti ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́. Písítìnnì lè ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Bí sítátà bá fi agbára yí i, ohun tó yẹ kó yọ̀ yóò ṣẹ́. Mẹkáníìkì tó gbọ́n yóò kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì, yóò da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, yóò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́. Bí ó bá yí, a dúpẹ́. Yóò wá fa epo àtijọ́ kúrò nínú táńkì, yóò fọ̀ ọ́, yóò pààrọ̀ ọ́ìlì, yóò sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo àti omi ń gbà kọjá, nítorí rọ́bà gbígbó tó ń jò lè dáná sun ọkọ̀. Yóò tú kabúrétọ̀, yóò fọ àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tí epo àtijọ́ ti dí, yóò sì tún ibi tí iná ti ń ṣẹ́ sí púlọ́ọ̀gì ṣe.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, kí wọ́n ti tú bíréèkì, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀ àti omi rẹ̀. Táyà tó bá ti jókòó sójú kan fún ogún ọdún, bó ti wù kó dán tó, kí wọ́n jù ú nù. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni rìwáyà, ọ̀dà àti ìjókòó kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ni aráyé ń rí. Owó wọn sì máa ń tán kí ọkọ̀ tó rìn.

Ní ti ẹ̀yà ara, ọjà Ládipọ̀ àti Ọwọ́dé Onírin ní Èkó ni ibi àkọ́kọ́ tí a lè yà sí, kí a sì mú èyí tó bàjẹ́ dání láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ mìíràn tó ti kọjá àtúnṣe náà wúlò: òun ni a ó máa yọ gíláàsì, iná àti ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀kùn lára rẹ̀ fún èyí tó lè là.

Àáró ni wọ́n ń fi í ṣe

Àwọn àgbẹ̀ wa láyé àtijọ́ kì í dá oko ńlá ro. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ Japan àtijọ́ ṣe ń ṣe e níbi gbogbo tí wọ́n bá wà. Ẹni tó ní gíà méjì yóò fún ẹni tí kò ní. Ẹni tó mọ kabúrétọ̀ yóò kọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ iná. Ní Kenya, láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ṣe eré Safari fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ nìkan, Dátsùn Z sì máa ń wà lára àwọn tó ń sá a.

Àǹfààní àáró yìí ju ti ọkọ̀ lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí tí yóò sọ ohun tó ń ṣe é. Etí ni ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń gbọ́ ọ, imú ló fi ń gbóòórùn epo tó pọ̀ jù, ọwọ́ ló fi ń mọ ibi tó gbóná. Àwọn tó mọ èyí ní yáàdì mẹkáníìkì wa ti ń darúgbó, ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà sì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rí lójoojúmọ́. Bí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta bá ń pàdé lọ́dọ̀ irú ọ̀gá kan ní Sátidé kan lóṣù, tí ọmọ iṣẹ́ méjì sì jókòó tì í, ìmọ̀ náà kò ní bá a wọ ilẹ̀. Nígbà ọdún Lísàbí, tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ń wálé, kí ló dé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi lè tò sí ojútáyé, kí àwọn ọmọ rí ohun tí bàbá àgbà wọn wà?

Ìgbádùn rẹ̀ kì í ṣe ti eré àsápajúdé. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí yóò gba awakọ̀ là. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, ni àkókò rẹ̀: kí a ṣí fèrèsé, kí a rọra gun òkè ìlú wa, kí a máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké.

A kò sọ pé gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìnkùlé ló yẹ ká tún ṣe. Èyí tí irin abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán, owó àtúnṣe rẹ̀ lè kọjá agbára ẹbí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí ọkọ̀ jẹ owó iléèwé ọmọ. Ohun tí a ń wí ni pé kí a mọ ohun tí a ní kí a tó tà á. Onírin yóò padà wá. Ẹ ní kó ṣe sùúrù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá ìwé ọkọ̀ náà jáde, ẹ mú òòfà dání, kí ẹ sì pe àgbà mẹkáníìkì kan tó mọ Dátsùn wá sí ẹ̀yìnkùlé. Bó bá dé, tó fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà, tí ó sì yí, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò mọ èsì tí ẹ ó fún onírin.